Rírán Ẹni tí A Fẹ́ràn Lọ Síbi Ikú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á rán ẹni tí a fẹ́ràn lọ síbi ikú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ eré?

Eré kan ń bẹ, Dungeons & Dragons, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974. Eléré yóò ro akọni kan, yóò kọ orúkọ àti agbára rẹ̀ sórí ìwé, yóò máa tọ́ ọ fún oṣù púpọ̀, yóò sì rán an wọ inú ihò tí ikú wà. (Dáìsì ni wọ́n ń jù, bíi ti lúdò, ọ̀pọ̀ onímọ̀ wa kò fọwọ́ sí i.)

Nígbà tí Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ń lọ sí Òkè Lángbòdó nínú ìwé Fágúnwà ti 1938, àwa òǹkàwé kọ́ ni a rán an. Níhìn-ín, ìwọ gan-an ni o rán akọni rẹ, ìwọ sì jókòó.

Akọni orí ìwé kò ní ẹ̀mí, nítorí náà n kò pè é ní ìpànìyàn. Bí ikú rẹ̀ bá dùn ọ́, má tijú. Ẹni tí ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kò dùn rárá, tí ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí á ṣe òmíràn." Irú ọkàn yẹn ni àwọn tí ń rán ọmọ ọlọ́mọ jà nígbà ìbò ní. Bí ọ̀kan bá kú ní Mushin, wọn a wá òmíràn. Ọmọ tiwọn ń bẹ nílé ìwé.