Aláwàdà Tó Ń Pa Ànábì Lẹ́rìn-ín

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti ní gbogbo gúúsù Èkìtì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè tí ẹ ń bi wá lemọ́lemọ́ lẹ́yìn àsàlátù ni a fẹ́ dáhùn nínú oṣù yìí: ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè fi àwàdà ṣe iṣẹ́ òòjọ́? Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń ya eré tiwọn. Àwọn mìíràn ń jókòó ti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ fún wákàtí méjì, tí wọ́n ń bá àlejò tàkurọ̀sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní pódíkáàsì.

Àwọn àgbà kan á ní eré lásán ni, ẹ fi sílẹ̀. A kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí Ànábì gan-an ṣe àwàdà. Sàábé kan wà tó ń jẹ́ Zahir, ará oko ni, kò sì lẹ́wà lójú. Ó ń ta ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí Ànábì gba ẹ̀yìn yọ sí i, tí ó sì dì í mú gírígírí. Zahir ń pariwo pé ta nìyí, fi mí sílẹ̀. Nígbà tí ó mọ̀ pé Ànábì ni, ó fi ẹ̀yìn ti àyà rẹ̀ dáadáa, kò fẹ́ kúrò mọ́. Ànábì wá ń polówó rẹ̀, ó ń béèrè ẹni tí yóò ra ẹrú náà. Zahir ní bí ó bá ta òun, owó kékeré ni yóò rí. Ànábì dá a lóhùn pé lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọjà olówó gọbọi ni. Ẹ wo ibi tí àwàdà náà ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí ó gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó ń wo ara rẹ̀ bí aláìníláárí ni a gbé ga láàárín ọjà. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀, nítorí ẹrú Ọlọ́hun ni gbogbo wa.

Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Ànábì ní ègbé ni fún ẹni tó ń pa irọ́ kí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí eré tí gbogbo òǹwòran mọ̀ pé eré ni; a kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń ṣe fún ẹni ẹlẹ́ni lójú títì, tí ẹ ó parọ́ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú kí ẹ lè ya ẹkún rẹ̀, kò sí iyàn kankan lórí ìyẹn.

Iṣẹ́ yìí ní ewu kan nínú. Nígbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ń kó ẹgbẹ́ Aláwàdà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tó sì ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, àwọn eléré ìgbà náà kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn, yóò pín ipa, ó di orí ìtàgé kí oníkálukú tó mọ ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, a ó fi kún un. Bí wọ́n bá dákẹ́, a ó wá òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pódíkáàsì lónìí. Kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ, nítorí náà kò sí ẹni tí o lè dì í rù. Suratu Qaf, ní àáyà 18, sì fi yé wa pé olùṣọ́ wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ. Ọ̀rọ̀ tí a kò kọ kí a tó sọ ọ́, wọ́n ń kọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́.

Kì í ṣe aláwàdà nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, ó kan ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a rántí Babátúndé Ọmídínà, Bàbá Sùwé, tí a bí ní Èkó ní ọdún 1958. Mùsùlùmí ni. Fíìmù Ìrù Ẹṣin, tó jáde láàárín àwọn ọdún 1990, ló gbé e dé gbogbo ilé. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Monsurat, tí a mọ̀ sí Ọmọládùn, jọ máa ń bú ara wọn nínú eré. A kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló yẹ kí ọmọ Mùsùlùmí kọ́. Èébú pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà kú ní 2009.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2011, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti òògùn olóró mú Bàbá Sùwé ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, nígbà tí ó ń lọ sí Paris. Wọ́n ní ẹ̀rọ fi hàn pé ó gbé òògùn mì. Wọ́n tì í mọ́lé ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ kí ó yàgbẹ́. Ó yà á nígbà 25, wọn kò rí nǹkan kan. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga ní Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 25 náírà fún un. Owó náà kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi kú.

Kí ni àwọn ènìyàn ń ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn? Wọ́n ń ka iye ìgbà tó lọ bí ẹni ń ka góòlù bọ́ọ̀lù. Ìgbẹ́ ọkùnrin náà di àwàdà. Suratul Hujurat, àáyà 11, kọ ìfiniṣẹ̀sín; àáyà 12 tó tẹ̀ lé e kọ àbá dídá àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn pàdé lórí ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà ayé Ànábì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Abdullah, tí wọ́n sọ ní ìnagijẹ Himar, ìyẹn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Bukhari gba ìtàn rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Umar. Ó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ó tún máa ń mutí, wọ́n sì ti nà án nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tún mú un wá, tí wọ́n tún nà án, ẹnì kan ṣẹ́ èpè fún un, ó ní ìgbà tí wọ́n ń mú un wá ti pọ̀ jù. Ànábì kọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣẹ́ èpè fún un, nítorí ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ẹni yìí jẹ̀bi. Ó jẹ ìyà tó tọ́ sí i. Síbẹ̀ Ànábì kò gbà kí ahọ́n ẹnikẹ́ni fi kún ìyà náà. Báwo wá ni ti ẹni tí wọn kò rí nǹkan kan lára rẹ̀?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa tí a wà níbí. A kò pọ̀ ní Èkìtì. Ọmọbìnrin wa tó ń wọ híjáàbù lọ sí ilé-ìwé mọ bí ó ti ń rí kí gbogbo kíláàsì máa rẹ́rìn-ín síni. A sì ti wo eré tó pọ̀, tó jẹ́ pé bí Alfa bá ti yọ, a ti mọ̀ pé oníwọra tàbí onírọ́ ni yóò jẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ wá dé ọwọ́ tiwa, ta ni à ń fi ṣeré? Akólòlò ni àbí arọ, àbí ará oko tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbí pásítọ̀ àdúgbò? Kò dára lọ́wọ́ tiwọn, kò lè dára lọ́wọ́ tiwa.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ wo Maryam Apaokagi, tí ẹ mọ̀ sí Taaooma, tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara. Nínú fíìmù kéékèèké tó fi di ìlúmọ̀ọ́ká, òun kan náà ló ń ṣe ìyá, tó ń ṣe ọmọ, tó tún ń ṣe bàbá. Aṣọ ló ń pààrọ̀. Ọwọ́ ìyá tó ń gbá ọmọ létí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Etí tó ń jẹ ìgbátí náà, etí ara rẹ̀ ni.

Ti pódíkáàsì ló le jù lójú tiwa. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wákàtí méjì gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi kún un, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòkòó ló sì máa ń yá lẹ́nu jù. Ẹ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ gé ibi tó bá kan ọlá ẹlòmíràn, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló pani lẹ́rìn-ín jù. Bí àlejò bá ń tú àṣírí ọkọ tàbí aya rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ má gba owó ìpolówó tẹ́tẹ́. Bí àsìkò ìrun bá tó, ẹ dìde.

Bàbá Sùwé kú ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n sì sin ín sí Ìkòròdú. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín, òun àti Monsurat, kí Ó bo àṣírí wọn. Àámíìn.