Oògùn ni Àbí Èèwọ̀ Rẹ̀?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ó ṣòro kí a tó rí awakọ̀ kan ní Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, yálà Lọ́kọ́ja ni ó ń ná tàbí Mọ̀pà òun Ìsánlú, tí kì í tẹ́tí sí ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò mú epo pẹ́ nínú táńkì. Lára irú ohun bẹ́ẹ̀ ni fíítà atẹ́gùn tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, èyí tí àwọn tí ń tà á ń búra pé bí ó bá ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí fàlàlà, epo tí yóò máa mu yóò dín kù. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké.

Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà a máa wo bí atẹ́gùn tí ó wọlé ti pọ̀ tó kí ó tó bu epo tí ó bá a dọ́gba. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ dí fíítà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2009, eré rẹ̀ ni ó fà sẹ́yìn, epo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ń lo kabúrétọ̀ ni fíítà dídí ń ná lówó. Bí fíítà tí ó dí pa kò bá fi epo ọkọ̀ ìgbàlódé ṣòfò, báwo ni èyí tí ó là gbàlà yóò ṣe wá fi í pamọ́?

Síbẹ̀, ẹni tí ó rà á kò purọ́ bí ó bá ní epo òun ń pẹ́. Àwọn baba wa mọ ohun tí ó fà á: onísègùn kì í fúnni ní oògùn láìsí èèwọ̀, aláìsàn tí ó sì pa ọtí àti ìrìn òru tì a máa yin àgúnmu nígbà tí ara bá yá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti náwó sórí fíítà ṣe ń fetí sí ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́, kódà lórí ọ̀nà kọnkéré Ọbájánà sí Kàbà tí ń tan ẹsẹ̀ láti wúwo.

Ǹjẹ́ ìgbàgbọ́ tí ó so èso rere lè jẹ́ èké? Èrò tèmi ni pé èso kì í jẹ́rìí fún igi tí kò so ó. Ẹni tí ó fi ògo ìwà rẹ̀ fún ohun tí ó rà yóò tún lọ sí ọjà nígbà tí ìwà náà bá yẹ̀. Fíítà tí ojú rẹ̀ là jù a sì máa jẹ́ kí eruku ọyẹ́ wọlé lọ ha ẹ́ńjìnnì. Nítorí eruku ni a ṣe ń pààrọ̀ fíítà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí epo pẹ́, kí ó pa èèwọ̀ náà mọ́, kí ó fi owó oògùn ra epo.