Ta Ni Ó Ni Àdánù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ní ayé òde òní a kò ní ẹrú mọ́. Òṣìṣẹ́ ni a ní. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá sọnù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ta ni yóò san án? Ìbéèrè yìí dàbí ọ̀rọ̀ owó lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń bá ènìyàn tajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní ìlú ńlá bí Ìbàdàn àti Èkó. Orí ìdúró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí wọ́n bá ń lọ sí ilé, mẹ́gáàdì yóò tú àpò wọn wò lójú oníbàárà. Èyí tí ó wá burú jù ni ti ìparí oṣù. Ọ̀gá yóò ka ọjà, yóò rí i pé kò pé, yóò sì pín iye tí ó dín sí orí gbogbo wọn, yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn.

Kí a sọ pé òṣìṣẹ́ 10 ni ó wà ní ilé ìtajà kan, tí olúkúlùkù ń gba ₦40,000 lóṣù. Òfin ọdún 2024 sọ pé owó oṣù tí ó kéré jù ni ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Bí ọjà ₦50,000 bá sọnù, ₦5,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù ti fi iṣẹ́ tí ó ju ọjọ́ 3 lọ san gbèsè tí kò jẹ.

Àwọn ọlọ́jà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì dára kí a gbọ́ ẹjọ́ apá kan. Wọ́n ní èrè orí ọjà kéré. Wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani, nítorí náà bí àdánù kò bá kan òṣìṣẹ́, kò ní ṣọ́ ọjà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí olè ti jà rí ni ó mọ bí ó ti dùn ún tó.

Ṣùgbọ́n bí ọjà bá tà ju bí a ti rò lọ, ṣé ọ̀gá a máa pín èrè náà sí orí gbogbo wọn? Bí èrè bá jẹ́ ti ẹnì kan, báwo ni àdánù ṣe di ti gbogbo ilé? Ẹ̀wẹ̀, a ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ti ọ̀gá yìí tún kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ni adájọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá kò gbà á. Apá karùn-ún rẹ̀ sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù, àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí tí ó bá jáfara, tí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fi ìwé gbà á láàyè.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ẹ̀kọ́ tí àṣà yìí ń kọ́ ènìyàn. Olè tí ó wà láàrin àwọn 10 náà san ₦5,000, ṣùgbọ́n ọjà ₦50,000 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jèrè ₦45,000. Olóòótọ́ san ₦5,000, ọwọ́ òfo ni ó bá lọ sí ilé. Bí a bá ti fi ìyà olè jẹ ẹni tí kò jalè, kí ni ó kù tí yóò máa dá a lẹ́kun?

Àwọn baba wa ní ètò ìwọ̀fà, èmi kò sì sọ pé ó dára. Ẹni tí ó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró fún èlé. Síbẹ̀ ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: ó ní àkókò tí ó fi ń ro oko ara rẹ̀, ó sì mọ iye gbèsè tí ó wà ní ọrùn òun. Òṣìṣẹ́ tí mo ń wí yìí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbèsè ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn lóṣooṣù, kò sì mọ iye tí yóò jẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a máa ka ọjà nígbà tí ẹnì kan bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì, lójú àwọn méjèèjì. Bí nǹkan bá sọnù, kí a wádìí ẹni tí ó mú un. Bí a kò bá rí ẹni náà, kí ẹni tí ó ni èrè gba àdánù rẹ̀ mọ́ra.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní yunifásítì yìí yóò di ọ̀gá lọ́la. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ rere ni fún ẹni tí a rán. Ó yẹ kí a bi ẹni tí ń ránni náà léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹrú ni ó mọ̀ ọ́n rán.