Igi Etí Òtútù

Ibi Kíkà: Orin Dafidi 147:12-20

Ẹ̀yin ará, onísáàmù sọ̀rọ̀ òjò dídì àti òtútù nínú ibi kíkà wa, ṣùgbọ́n àwa tí ooru ń mú a máa yára kà á kọjá. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ìlú kan wà tí a ń pè ní Churchill, létí òkun Hudson Bay ní Kánádà. Níbẹ̀ ni igbó ńlá ìhà àríwá ti ń tán lọ, tí pápá gbalasa tí igi kò lè hù sí sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, òtútù ibẹ̀ a máa tó ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì. Òkun pàápàá a dì gbagidi.

Igi spruce, ìbátan igi firi inú Bíbélì, ni ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn ní ẹ̀ka sí, bí àsíá, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń gbé yìnyín wẹ́wẹ́ ti pa ẹ̀ka tí ó kọjú sí i. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ nìkan ni ó pọ̀ yíká, nítorí òjò dídì bò ó bí aṣọ, afẹ́fẹ́ kò sì rí i. Ìwúwo òjò dídì náà a máa tẹ ẹ̀ka mọ́lẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò, tí yóò sì di igi tuntun. (Ohun tí à bá pè ní ẹrù, ibẹ̀ ni igi ti rí ọmọ bí!)

Igi tí kò ga ju ènìyàn lọ níbẹ̀ lè ti lo ju 100 ọdún. Bí a bá gé e, àmì ọdún kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, tínínrín, wọ́n sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti fi ojú lásán kà wọ́n. Ẹni tí ó ti inú igbó ìrókò wá yóò ní igi yìí kò dàgbà. Kò mọ bí ìgbà ooru tí a fún un ti kúrú tó.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ nínú ìjọ nípa ẹni tí ó ti ṣe ìrìbọmi tipẹ́ tí kò tíì lè gbàdúrà sókè. “Láti ìgbà yẹn wá!” A kì í béèrè irú ilé tí ó ti ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi: bóyá òun nìkan ni onígbàgbọ́ ní gbogbo agbo ilé, bóyá wọ́n ti fi Bíbélì rẹ̀ pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ó ń wá, ó ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Nínú àwọn tí ẹ ń pè ní aláìdàgbà ní kíláàsì yín, ilé ta ni ẹ kò tíì dé rí?