Ta Ló Ni Ojú Tí A Yà?

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá wà láàrin ojú tèmi àti ojú ẹlòmíì ńkọ́? Ta ló wá ni ọ̀rọ̀ náà? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò, irú kámẹ́rà kan báyìí ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Láyé tí tẹlifóònù inú àpò ń ya igba fọ́tò láìgba kọ́bọ̀, àwọn kan ṣì wà tó ń fowó gidi ra kámẹ́rà onífíìmù. Èmi náà wà lára wọn. Èyí tí mò ń wí kì í ṣe kékeré tó ń lo fíìmù oní-mẹ́rìndínlógójì o. Fíìmù 120 ló ń lò, irú èyí tí iléeṣẹ́ Kodak gbé jáde lọ́dún 1901. Àwòrán tó ń yà sórí fíìmù fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti kékeré, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi ń mọ́ kedere, tí ẹ fi lè ka irun ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ò pọ̀. Mamiya 6 tó jáde lọ́dún 1989 ń ya méjìlá lórí fíìmù kan. Mamiya 7 tó jáde lọ́dún 1995 ń ya mẹ́wàá. Fuji GW690 ń ya mẹ́jọ péré. Wọn ò ṣe wọ́n mọ́. Tòkunbọ̀ ló kù.

Ẹni tó bá bi mí pé èwo ni kí òun rà, màá ní kó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Mamiya 7 ṣeé gbé káàkiri, ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ sì lè pààrọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀. Àmọ́ bí bátìrì bá kú, iṣẹ́ parí. Fuji ò mọ bátìrì rárá. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló ní, kò ní sọ nǹkan kan fún yín nípa ìmọ́lẹ̀, orí ara yín lẹ ó fi ṣírò. Ó sì tóbi débi pé àwọn òyìnbó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Leica ti Texas. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé e sójú kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wo nǹkan tó jìnnà réré.

Kí lẹ ó máa wò? Kámẹ́rà yìí, tí wọ́n ń pè ní rangefinder, ẹ kì í gba inú lẹ́ǹsì rẹ̀ wo ìta. Fèrèsé kékeré kan ló wà fún yín lókè. Láàrin fèrèsé náà, ẹ ó rí ẹni tó dúró níwájú yín ní méjì bí ìbejì, òjìji ọ̀kan lórí èkejì. Bí ẹ ṣe ń yí ọrùn lẹ́ǹsì ni wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. Ìgbà tí méjèèjì bá di ọ̀kan ni àwòrán tó mọ́. Bí wọn ò bá pàdé lórí ohun tó jìnnà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ohun kan wà nínú ẹ̀rọ yìí tí mo fẹ́ràn. Àwọn kámẹ́rà onífíìmù mìíràn ní dígí nínú tó máa ń fò sókè nígbà tí a bá tẹ̀ wọ́n, nítorí náà ayàwòrán kì í rí nǹkan kan ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Rangefinder ò ní dígí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó máa wo onítọ̀hún lójú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá dijú, ẹ rí i. Bó bá bojú jẹ́, ẹ rí i. Ẹ ò lè wí àwíjàre pé ẹ ò mọ̀.

Ṣé ó wá ń sọ èèyàn di ọmọlúàbí ni? Rárá o. Mamiya kì í dún ju 'tẹ́' lọ, olè náà sì fẹ́ràn ohun tí kì í dún. Àwọn kan tún ní bí fíìmù ṣe wọ́n yẹn ló ń kọ́ni láti bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Mi ò gbà. Bí fọ́tò bá wọ́n, àwọn olówó la ó kọ́kọ́ máa yà, a ó sì fo mẹ̀kúnnù dá.

Nígbà náà, kí ló ń sọ fọ́tò di òótọ́? Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àròkọ sínú ìwé African Arts lọ́dún 1978 nípa fọ́tò láàrin àwa Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí àwọn kan ní Ìlá Ọ̀ràngún ṣe ń fi fọ́tò dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni pé ikú ò wá rí. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ ti èkejì.

Ẹnì kan á ní irọ́ pọ́ńbélé nìyẹn. Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́. Ìyá mọ̀, oní-fọ́tò mọ̀, gbogbo ilé mọ̀. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tí mo pè nírọ́ ni fọ́tò tí wọ́n jí yà lọ́jà, tí wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé oorun ọ̀sán ló ń kun obìnrin náà. Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán náà ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ irọ́ ni.

Ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba n'Íbàdàn ló là mí lójú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kí i, mo tọrọ àyè. Ó wo kámẹ́rà mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé èmi náà á rí i, àbí o kàn fẹ́ gbé ojú mi lọ ni?"

Mo ní, "Ẹ ó rí i, Màmá."

Ó ní kí n dúró kí òun tún gèlè òun wé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo gbé e lọ fún un. Ó wò ó títí, ó ní, "Ojú ìyá mi rèé." Ó wé e sínú ìborùn rẹ̀, ó sì dojú kọ oníbàárà.

Ẹ rò ó wò. Bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ á máa sáré wá fọ́tò tí wọn ó fi kéde ìsìnkú. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti rí i tó jẹ́ pé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kékeré kan ni wọ́n fẹ̀ títí ojú fi fọ́nká? Ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹni yẹn kan náà ti wà lára ògiri nílùú òyìnbó, mèremère, nínú férémù olówó ńlá, tí ọmọ rẹ̀ kan ò sì mọ̀.

Ìdáhùn mi nìyí: ẹni tó ni ojú ló ni ín, gbèsè ni ẹni tó yà á jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ra Mamiya tàbí Fuji, kó ka owó fọ́tò tí yóò fi tọrẹ mọ́ owó fíìmù. Bí apá rẹ̀ ò bá ká a, kó lo tẹlifóònù rẹ̀, kó fi han onítọ̀hún lójú ẹsẹ̀. Bó bá ní kó pa á rẹ́, kó pa á rẹ́. Ti fíìmù ò ṣeé pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè.