Sùúrù Kì Í Ṣe Ti Onígbèsè

Ní ọdún 2007, bí ẹ bá wọ báǹkì ní Yábàá tàbí Ojúẹlẹ́gba, fọ́ọ̀mù ìpín lẹ máa bá lórí káńtà. Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ ìgbà náà, ti pàṣẹ pé kí olú-owó báǹkì kọ̀ọ̀kan tó bílíọ̀nù 25 náírà, báǹkì 89 sì ti di 25. Tíṣà ń ra ìpín, àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ládípọ̀ náà ń rà. Ìyẹn kò burú. Ẹ̀yáwó ló bà á jẹ́.

Báǹkì ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, ìpín yẹn náà ni wọ́n sì ń gbà dógò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyá oníṣòwò kan ní Muṣin mú mílíọ̀nù kan tirẹ̀ wá, ó yá mílíọ̀nù kan mọ́ ọn, ó fi méjèèjì ra ìpín. Bí ọjà bá fi ìdá kan nínú márùn-ún gòkè, ó jèrè 400,000. Inú rẹ̀ á dùn, á tún yá sí i. Bí ọjà bá wá já sí ìdajì ńkọ́? Mílíọ̀nù kan tó kù, ti báǹkì ni. Owó ìyá ti tán pátápátá, èlé ò sì dúró.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2008, atọ́ka ọjà ìpín wa dé 66,371. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn hedge fund, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń fi owó àwọn ọlọ́rọ̀ dókòwò, àti olówó òkèèrè mìíràn ń kó owó wọn lọ, nítorí iná ti ń jó nílé tiwọn náà.

Ní oṣù Kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà ní ìpín kò gbọdọ̀ já ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. Ó ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rántí àṣẹ yẹn. Ta ló máa ra ohun tó mọ̀ pé yóò tún já lọ́la? Àwọn tó fẹ́ tà tò lọ súà, oníbàárà kò yọjú. Ẹni tó fẹ́ sá jáde kò rí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí oṣù Kẹta 2009 fi parí, atọ́ka ti já sí nǹkan bí 20,000. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìpín ní Súrùlérè pàdánù, ṣùgbọ́n ó lè ti ìwé ìpín rẹ̀ bọ inú àpótí, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sùúrù lérè lóòótọ́. Ti onígbèsè kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yá a lówó ló ni ín, òun ló sì máa sọ ọjọ́ tí wọ́n á tà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìpín fi máa ń kọ́kọ́ ṣírò iye tí wọ́n lè pàdánù, kí wọ́n tó ka èrè.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dúró ló rí nǹkan gbà o. Nígbà tí ìjọba gba Afribank ní oṣù Kẹjọ 2011, àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, ọdún 2023 ni atọ́ka tó tún kan 66,371, náírà ìgbà yẹn kò sì lè ra ohun tí náírà 2008 ń rà.