Má Bi Ọmọ Ní Ìjọ Tí Ó Ń Lọ

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ìgbà tí owó ilé-ìwé bá dé ni a máa ń mọ iye tó kù nínú igba náà. Ìwà ọ̀làwọ́ tí kì í wojú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ọ̀làwọ́ àwa ọmọ ìjọ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé wọ́n ti gbìn ín níbẹ̀, wọ́n sì ti kórè rẹ̀.

Ní ọdún 1920, ọkùnrin onígbàgbọ́ kan kú ní Ìkẹ́nnẹ́. David Ṣópòlú Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń la gẹdú. Ọbáfẹ́mi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá. Ilé-ìwé ìjọ ni ọmọ náà ti mọ̀wé kà. Nígbà tí baba lọ tán, ó ń ṣẹ́gi, ó ń pọnmi, ó ń bá àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ kó tó lè rówó ilé-ìwé san. Ní 1927 ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà.

Ẹni tí òùngbẹ ìwé ti gbẹ rí kì í gbàgbé. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Púpọ̀ nínú yàrá tí wọ́n rọ́ wọ̀, ìjọ ló ni ín. Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ oníṣẹ̀ṣe àti ọmọ àlùfáà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà ni Táí Ṣólàárín ti wá. Òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Wesley College. Nígbà tó yá, ó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Ẹlòmíràn á ní ìjọ ti pàdánù, ohun tí wọ́n gbìn ti bọ́ sẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ ṣí ilé-ìwé Mayflower sí ìlú rẹ̀, ilé-ìwé tí kò so mọ́ ìjọ kankan, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń roko, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Àìmọye ọmọ Nàìjíríà ló ti ibẹ̀ di ènìyàn. Ìmọ̀ tí ìjọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló gbà lọ. Oore kì í gbé, bí kò tilẹ̀ gba ọ̀nà tí olóore là sílẹ̀ fún un.

Èyí ni mo fi ń ṣàníyàn nípa bí àwa ń ṣe é nísinsìnyí. Mo wà nínú ìjọ kan ní ọjọ́ ìkórè, wọ́n pe ọmọkùnrin kan síwájú lẹ́yìn ìfilọ̀. Wọ́n kó búkù mẹ́fà àti báàgì lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń ya fọ́tò ní kó gbójú sókè. Bàtà rẹ̀ tó já ni ọmọ náà ń wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú akọrin èwe ń wo òun náà. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, n kò rí i. Búkù la fún un, ìtìjú ló gbé lọ sílé. Jésù ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tó ń fọn fèrè síwájú ìtọrẹ rẹ̀.

Mo sì mọ ìyá olóbì kan ní Ṣágámù. Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ WAEC bá ti ń súnmọ́, á di owó sínú ọ̀rá dúdú, á gbé e lọ fún tíṣà kan. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kọ́mọ náà mẹni tó san án." Kò bèèrè ibi tí ọmọ ti ń jọ́sìn. Kò bèèrè bóyá ìyá rẹ̀ san owó ẹgbẹ́. Ìyẹn ni mo pè ní ìwà.

Ẹ má ṣe sọ pé ìjọ yín kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ méje péré ni ìjọ Adventist fi bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlíṣàn, ní Rẹ́mọ kan náà, ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1959. Ibẹ̀ ló di Yunifásítì Babcock ní 1999. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé Ọlọ́run ni a kọ́.

Nítorí náà, ìwọ tó ń ka ìwé yìí, lọ sí ilé-ìwé tó súnmọ́ ọ jù lọ́sẹ̀ yìí. Bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè ọmọ tí wọ́n lé lọ sílé nítorí owó. San ohun tí agbára rẹ bá ká, kí o sì máa lọ. Má bi ọmọ náà ní ìjọ tí ó ń lọ.